Mi ò lè ṣí áàpù ìrìn mi mọ́ látìgbà tí òǹkà rẹ̀ ti padà sí òdo

Ẹlẹ́sẹ̀Wúwo:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru, pé kí n máa rìn. Mo bá gbé áàpù ìrìn kan sórí fóònù. 10,000 ìṣísẹ̀ ló ní kí n máa rìn lóòjọ́. Bí mo bá ti rìn ín pé, iná kékeré kan á tàn lójú fóònù, òǹkà ọjọ́ á sì fi ọ̀kan lé. Àṣé mo ti di ẹrú iná yẹn! Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá òru lù, ó sì ku 600 ìṣísẹ̀. Mo dìde lórí ibùsùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí yàrá ká nínú òkùnkùn. Ìyàwó mi jí, ó ní, “Baálé mi, ṣé kò sí o?”

Ọjọ́ 41 ni mo bá a dé. Ibà wá dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tí mo máa padà ṣí i, 0 ni mo bá níbẹ̀. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá ara ti yá. Látọjọ́ náà, bó bá ti dún ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àtàǹpàkò ni mo fi ń gbá a dànù láìkà á. Mo ṣì ń rìn láàárọ̀ o, mi ò kàn mú fóònù dání mọ́. Ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo ni, àbí kí n yọ ọ́ kúrò? Àbí èmi gan-an ni mo níṣòro?

Abẹ̀rẹ̀Òkín:
Ẹ̀gbọ́n, tiyín mà dáa. Èmi jókòó sórí àga, mò ń mi fóònù bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí ó lè kà á sí ìrìn. Apá dùn mí, ẹsẹ̀ ò mọ nǹkan kan.

Òṣìṣẹ́Kọ́ọ̀dù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò níṣòro kankan. Mo wà lára àwọn tó ń ṣe irú áàpù bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo Mọ́ńdè, ohun tí ọ̀gá wa ń béèrè ni, “Èèyàn mélòó ló ṣí i?” Mi ò tíì gbọ́ kó béèrè pé, “Ẹ̀jẹ̀ ta ló wálẹ̀?” Ẹ̀yin ń rìn, ẹ ò ṣí i, Abẹ̀rẹ̀Òkín ń ṣí i, kò rìn. Lójú ọ̀gá wa, Abẹ̀rẹ̀Òkín ló ń ṣe dáadáa!

10,000 yẹn náà, ọjà ló bí i. Lọ́dún 1965 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀ jáde ní Japan, tí wọ́n pè é ní manpo-kei, ìyẹn ẹ̀rọ 10,000 ìṣísẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 lórí àwọn ìyá àgbà, àwọn tó ń rìn bí 4,400 lóòjọ́ kì í tètè kú bí àwọn tí ń rìn 2,700, àǹfààní ọ̀hún ò sì fi bẹ́ẹ̀ lékún mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí 7,500.

Ti ọjọ́ mẹ́ta yẹn ńkọ́? Wọ́n ṣèwádìí lórí èèyàn 96 tó ń fi àṣà tuntun kan kọ́ra ní Lọ́ńdọ̀nù, èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Kí nǹkan tó mọ́ wọn lára, ó gba ẹlòmíì ní ọjọ́ 18, àwọn kan á tó 254. 66 ló bọ́ sáàárín. Ẹni tó fo ọjọ́ kan ò pàdánù ohun tó ti kó jọ.

MàmáÀgbà63:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má sọ gbogbo rẹ̀ di aṣọ kan ṣoṣo. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ló bá mi jáwọ́ nínú sìgá. Kò sí iná, kò sí òǹkà. Bí ọkàn mi bá ti ń fà á, màá kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, èsì á sì wọlé kí n tó rí ìṣáná. Ìwọ Ẹlẹ́sẹ̀Wúwo, ìgbà wo lo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ kẹ́yìn?

Òṣìṣẹ́Kọ́ọ̀dù:
Òótọ́ ni Màmá sọ. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára èèyàn 5,800, èsì jáde ní 2011. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 10.7% nínú àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ ìwúrí náà ló ti jáwọ́, 4.9% péré ni nínú àwọn yòókù.

Ẹlẹ́sẹ̀Wúwo:
Ẹ ṣé, mà. Mi ò tíì wọ̀n ọ́n látìgbà tí ibà ti lọ, ojú tì mí. Ọ̀la ni màá lọ. Mo ti pa ariwo aago mẹ́fà yẹn, mo sì fi 6,000 síbẹ̀. Áàpù béèrè pé, “Ṣé ó dá ọ lójú? Èyí kéré sí ti tẹ́lẹ̀.” Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.