Akàn òkun kékeré onírun: báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi mú akàn kan wá láti etí òkun Èkó, láàárín òkúta tí ìgbì ń lù. Inú ìgò sípíríìtì ló wà báyìí, mo sì fẹ́ lẹ orúkọ mọ́ ọn kí àwọn ọmọ kíláàsì tó rí i.

Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Irun bo ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì di ẹrẹ̀ mú débi pé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi rọra fọ̀ ọ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tó hàn, pupa rúsúrúsú. Ọwọ́ rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Ìrù tó ká sábẹ́ ikùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, akọ ni nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ rò pé Dromia ni, èyí tó máa ń gbé kànìnkànìn òkun rù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti Dromia kéré, ó sì ká sókè sórí ẹ̀yìn. Ti èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Pilumnus, irú akàn onírun mìíràn, ló kù lọ́kàn mi. (Akàn odò tí à ń jẹ níbí ò ràn mí lọ́wọ́, ara tirẹ̀ dán ni.)

Mi ò ní maikirosíkópù, gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ibo lára rẹ̀ ni kí n yẹ̀ wò kí n tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Pilumnus ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ ná.