Báwo ni mo ṣe lè ṣàkóso jig nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọkọ̀?

Ẹ̀yin àgbà apẹja, mo kí yín o. Adágún Grenada ní Mississippi ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọkọ̀ rọra wọ́ jig, ìyẹn ìwọ̀ olórí òjé, láti fi pa ẹja crappie. Ó yé mi pé bí ọkọ̀ bá ti ń yára jù, okùn á dà sẹ́yìn, jig á sì gòkè kúrò níbi jíjìn omi tí a fẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí jig fi díẹ̀ ga ju ibi tí ẹja wà lọ, nítorí pé crappie kì í sábà sọ̀kalẹ̀ wá oúnjẹ. Afẹ́fẹ́ àtẹ̀yìnwá ló ń dà mí láàmú jù: ṣé kí n pààrọ̀ jig 1/16 áúnsì sí 1/8 ni, àbí kí n dojú ọkọ̀ kọ afẹ́fẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pá ìpẹja mélòó ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ṣọ́?