Oògùn tí kò ran adìyẹ mọ́: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ọlọ́sìn Tuntun: Àwọn ọmọ adìyẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ olómi lọ́sẹ̀ kẹta. Mo fún wọn ní enrofloxacin, oògùn apakòkòrò tó ti ràn wọ́n rí. Ọjọ́ márùn-ún pé, wọ́n ṣì ń kú. Yàrá àyẹ̀wò ní kòkòrò bakitéríà tí wọ́n ń pè ní E. coli ni, àti pé nínú oògùn mẹ́ta tí mo ní nílé, kò sí èyí tó lè pa á. Ta ló ti rí irú èyí?

Ìyá Ẹlẹ́yin: Èmi rí i. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Bàbá Ọ̀sìn: Ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún ọ. Ojúlówó kì í tàsé.

Dókítà Ẹran: Ẹ má bínú, Bàbá. Oògùn tiwọn ni yàrá àyẹ̀wò fi dán kòkòrò náà wò, kì í ṣe èyí tó rà. Kòkòrò yẹn ti mọ oògùn lójú ni. Ọlọ́sìn, ṣé ẹ máa ń po oògùn sómi wọn kí àìsàn tó dé?

Ọlọ́sìn Tuntun: Láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó ta ọmọ adìyẹ fún mi ló ní kí n máa ṣe é.

Dókítà Ẹran: Ibẹ̀ ló ti wá. Kòkòrò tí oògùn lè pa kú, èyí tó lágídí ṣẹ́ kù, òun ló wá ń bí sí i. Wọ́n tún máa ń fi agídí yẹn ta kòkòrò mìíràn lọ́rẹ, kódà èyí tí kì í ṣe irú wọn.

Ọmọ Nọ́ọ̀sì: Ìyá mi ló ń kó ìgbẹ́ adìyẹ níbi iṣẹ́ wọn. Àìsàn ilé ìtọ̀ mú wọn, ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò tí èèyàn ń lò, ò ràn wọ́n rárá, abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló gbà wọ́n là. Mi ò lè búra pé ọ̀dọ̀ adìyẹ ló ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni enrofloxacin àti ciprofloxacin. Amẹ́ríkà ti fòfin de enrofloxacin fún adìyẹ láti 2005.

Bàbá Ọ̀sìn: Ká wá máa wò wọ́n kí wọ́n kú?

Ìyá Ẹlẹ́yin: Rárá, Bàbá. Ẹ ṣàyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó fún wọn. Nígbà tí tèmi kú, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ni, èyí tí irú oògùn yìí kì í pa, mo ti da oògùn sómi lásán fún ọ̀sẹ̀ kan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mi ò fún wọn lásìkò.

Olùsè: Tá a bá se ẹran adìyẹ náà jinná, ṣé kòkòrò yẹn ò ní kú ni?

Dókítà Ẹran: Á kú. Agídí sí oògùn kì í ṣe agídí sí iná. Ẹ má kàn fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ ní tútù, títa ló ń ta kòkòrò ká.

Olùsè: Kí n má fọ ẹran? Háà, ìyẹn ò lè ṣeé ṣe fún mi!

Ọmọ Nọ́ọ̀sì: Ọlọ́sìn, àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé ẹ ti tà wọ́n?

Ọlọ́sìn Tuntun: Rárá. Ọjọ́ tí oògùn fi máa kúrò lára wọn ò tíì pé.