Ọdún wo ni ká kọ sára pátákó ojúde Èwí?

Àyánwálé: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ẹgbẹ́ kan l'Ádó-Èkìtì fẹ́ gbé pátákó ìtàn sí ojúde Èwí, ọba ìlú náà, láàárín ààfin àti ọjà ọba. Ọ̀rọ̀ bí ọgọ́ta péré ni ojú rẹ̀ lè gbà. Àwọn kan ní 1913 ni ká kọ, àwọn kan ní 1996. Èwo ló tọ́, ibo la sì ti lè rí ẹ̀rí?

Ọmọ Òkèṣà: Ọdún méjèèjì tọ́, àmọ́ ti ìjọba ni, kì í ṣe ti ojúde. 1913 ni Adó di olú-ibùdó ẹkùn Èkìtì lábẹ́ òyìnbó. Ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá 1996 ni ìpínlẹ̀ Èkìtì yọ lára Òndó. Ọ́fíìsì ni ọdún wọ̀nyí bí. Ojúde ti wà kí ajẹ́lẹ̀ tó gbé tábìlì rẹ̀ dé. Ṣebí Ùdírókò là ń pe ọdún ìlú? "Udi" l'Ékìtì ni "ìdí" táwọn ará Ọ̀yọ́ ń pè. Ìdí igi ìrókò ni Èwí ń jókòó sí gba ìkíni. Igi ni òrùlé ìpàdé nígbà yẹn, kò sí páànù, kò sí kankéré.

Ìyá Ìwé: Fún ẹ̀rí, ẹ lọ sílé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú lẹ́tà ẹgbẹ́, káàdì ìdánimọ̀ àti pẹ́ńsù dání. Wọn kì í fẹ́ rí báírò nítòsí ìwé àtijọ́. Ẹ béèrè ìwé atọ́ka Ekiti Div 1/1, ìyẹn àkójọ fáìlì ẹkùn Èkìtì. Ẹ má wá "ojúde" níbẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ẹ wá ìsọ̀ ọjà, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, owó orí, títì: ohun tó bá ná ìjọba lówó tàbí tó mówó wọlé ni akọ̀wé ajẹ́lẹ̀ ń kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá bọ́ sí fáìlì mìíràn tó kọ "Ado" lásán, ẹ wò ó dáadáa, Adó-Odò ti ìpínlẹ̀ Ògùn náà wà.

Ẹ má gbára lé máàpù 1:50,000. Mítà 500 ló di sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀, nítorí náà ojúde oní mítà 100 kò ju mìlímítà méjì lọ. Orí ìṣó tóbi jù ú.

Òkúta ìpìlẹ̀ náà máa ń tan èèyàn jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n fi lé ilẹ̀ ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ilé parí.

Bàbá Fọ́tò: Ìyá Ìwé ti sọ ọ́ tán. Kí n fi ti fọ́tò kún un: bí wọ́n bá kọ "Èwí Aládésanmí" sẹ́yìn rẹ̀ láìsí nọ́ńbà, ẹ dúró ná. Aládésanmí Kejì jọba láti 1937 dé 1983, ìkẹta gorí ìtẹ́ ní 1990. Ẹ wo ojú ọba kí ẹ tó wo ilé.

Orúkọ náà ń tanni. Párákì Fájuyì kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú July 1966 tí wọ́n pa Adékúnlé Fájuyì. Pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ń jẹ́ orúkọ sáréesáré tó gba fàdákà nínú eré ìje àgbàfà ní Barcelona ní 1992, tó kú ní 1994. Ogun Èkìtì Parapọ̀ sì ti parí kó tó di ọ̀rúndún ogún, ìyẹn ò wá sọ gbọ̀ngàn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di àgbà. Orúkọ a máa kéré sí ilé, a sì máa dàgbà jù ú.

Àyánwálé: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé èyí dáa? "Ojúde Èwí: ibi ìpàdé ìlú láti ayé ìdí ìrókò. Adó di olú-ibùdó ẹkùn Èkìtì ní 1913, ó di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1996."

Ọmọ Òkèṣà: Ó dáa, àmọ́ ó ku ẹnì kan. Ìtàn ẹnu wa ní Awámárò, Èwí àkọ́kọ́ l'Ádó, bá Elésùn, olórí àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, nílẹ̀ ni. Bí ẹ bá yọ Elésùn kúrò, kí pátákó náà tó gbẹ ni ẹnì kan á ti wá bá yín jà. Ẹ fi gbólóhùn kan sí i.