Ṣé wẹ́fíà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìdílé, lè mú bàbá àwọn ọmọ mi kó máa san owó ìtọ́jú wọn?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ méjì ni mò ń dá tọ́ n'Íbàdàn. Tíṣà ni mí níléèwé aládàáni, owó oṣù mi ò sì tó 70,000 náírà tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024 pé ó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù. Àjọ tí mo kó, owó ilé ló gbé e mì. Bàtà iléèwé ti fún àbúrò lẹ́sẹ̀, mo fi abẹ gé iwájú rẹ̀ kí ọmọ ìka lè ráyè. Ó ní òun ò wọ̀ ọ́ lọ. Ta ni yóò bá a wí?

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá wọn, l'Óṣogbo. Mo pè é títí, ó búlọ́ọ̀kì nọ́ńbà mi. Àwọn àgbà ilé wọn dá sí i, ó fi 10,000 ránṣẹ́, ó tún dákẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní kí òbí tọ́jú ọmọ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, àmọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ nìkan la ṣe, kò sí ìwé kóòtù kankan.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí rí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé wẹ́fíà Ìbàdàn ni kí n lọ àbí ti Òṣogbo? Ìwé wo ni kí n mú dání? Ṣé wọ́n sì lè máa yọ owó náà tààrà nínú owó oṣù rẹ̀?