Ṣé tẹ̀mómítà yìí ló ń purọ́ ni, àbí ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni kò dáa?

Ìyá Oníbúrẹ́dì Apẹ́tẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n má baà dáná sun ilé onílé.

Ilé búrẹ́dì kékeré ni mo ní ní Apẹ́tẹ̀. Nígbà tí owó gáàsì lé wa padà sídìí igi, ààrò bíríkì tí mo bá nílé náà ń jẹ igi bí iná ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń jẹ pápá. Mo ní kí wẹ́dà kan fi irin tó nípọn ṣe àpótí iná fún mi. A ti àpótí náà bọ ẹnu ààrò, a fi bíríkì àti amọ̀ há a mọ́bẹ̀. Ó nílẹ̀kùn, ó sì ní ojú afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ tí a lè ṣí tàbí ká pa á dé. Páìpù èéfín rẹ̀ gba ẹ̀yìn bíríkì gòkè, ojú kò rí i títí yóò fi yọ lórí òrùlé.

Igi tí à ń jó dín kù, mi ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbóná rẹ̀ ni kò yé mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra tẹ̀mómítà olóòfà wá fún mi, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páìpù èéfín, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ mẹ́ta: ibi tó tutù jù, ibi tó dáa, ibi tó léwu. Nígbà tí kò sí páìpù tí ọwọ́ lè tó, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú àpótí, lókè ilẹ̀kùn. Bí iná bá ti ràn dáadáa báyìí, ó ti dé 270, 280°C, nínú pupa. Ẹ̀rù bà mí. Mo pàṣẹ fáwọn ọmọ pé bó bá ti kan pupa, kí wọ́n pa ojú afẹ́fẹ́ dé. Lálẹ́ náà, a máa ń ki ìtì ńlá méjì sí i, a ó sì dé e pa, kí a lè bá ẹyin iná nílẹ̀ láago mẹ́rin ìdájí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni omi dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde láàárín bíríkì. Ó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ bí oyin, ó sì ń rùn bí ẹja tó jóná. Ọmọ tó gun òrùlé sọ pé ẹnu páìpù tí ọwọ́ méjì ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ ti kù bí ẹnu ìgò. Báwo ni irin yóò ṣe gbóná dé ibi ewu, tí èéfín rẹ̀ yóò tún máa di ọ̀dà?

Bàbá Mọ́níyà:
Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Ìyá tó bí mi yan búrẹ́dì títí ó fi darúgbó, kò mọ ohun tó ń jẹ́ tẹ̀mómítà. Fúláwà díẹ̀ ló máa ń wọ́n sílẹ̀ ààrò. Bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ó gbóná jù. Bó bá rọra pọ́n, kí búrẹ́dì wọlé. Ẹ yọ nǹkan yẹn dànù. Ní ti páìpù, ẹ da iyọ̀ kọ́ńgò kan síná, yóò fọ̀ ọ́.

Wẹ́dà Àràrọ̀mí:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o, ẹ má bínú sí mi. Fúláwà mọ ìgbóná ilẹ̀ ààrò, kò mọ ohun tó ń lọ nínú páìpù. Iyọ̀ yẹn ńkọ́? Irin ni yóò kọ́kọ́ jẹ kó tó kan ọ̀dà.

Ìyá, tẹ̀mómítà yín ò purọ́. Ohun tí ẹ bi í ló ń dáhùn. Iwájú àpótí ló súnmọ́ iná jù, irin ibẹ̀ lè gbóná dé 280 kó má sí ewu kankan. Àwọ̀ mẹ́ta ojú rẹ̀, páìpù ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kùn ún: páìpù tí awọ irin rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ sókè àpótí. Lórí páìpù bẹ́ẹ̀, láàárín 110 sí 240 ni wọ́n ń pè ní ibi tó dáa. Òfin páìpù lẹ fi ń dájọ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí pupa, ẹ pa afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá pa afẹ́fẹ́, iwájú ṣì ń gbóná, páìpù ẹ̀yìn ti ń tutù. Ibẹ̀ ni ọ̀dà ti wá.

Tísà Ṣáṣá:
Wẹ́dà ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, torí ọ̀rọ̀ yìí ju ìdọ̀tí lọ.

Èéfín igi kì í ṣe èéfín lásán. Oru omi wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oje igi tí iná kò rí jó tán. Bó bá kan ògiri páìpù tí ìgbóná rẹ̀ kò tó nǹkan bí 120°C, ńṣe ló máa ń sẹ̀ bí ìrì, yóò lẹ̀ mọ́bẹ̀, yóò sì gbẹ di ọ̀dà. Creosote ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dà yẹn fúnra rẹ̀ ń jó. Lọ́jọ́ tí iná bá ràn mọ́ ọn nínú ṣímínì, ìgbóná ibẹ̀ lè kọjá 1,000°C, bíríkì yóò sán, iná yóò sì bá ibi tó sán jáde lọ bá igi òrùlé. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá iná míì síbẹ̀ títí wọn yóò fi ha páìpù náà mọ́. Mi ò sọ pé kí ẹ dín iná kù o. Kí ẹ pa á ni mo wí.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wọn èéfín gan-an. Ohun tí ẹ nílò ni thermocouple tí wọ́n kọ lẹ́tà K sí lára. Wáyà oríṣi irin méjì ni, wọ́n so orí wọn pọ̀ sínú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́; ìgbóná orí rẹ̀ ló ń di iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ tí mítà ń kà. Ó lè gba ju 1,000°C lọ. Kí wẹ́dà yọ bíríkì kan lẹ́yìn, kó dá ihò tó ṣe wẹ́kú ọ̀pá náà lu sára páìpù lókè àpótí, kí orí ọ̀pá dé àárín èéfín. Okùn rẹ̀ yóò jáde wá síwájú, mítà á sì wà lára ògiri níbi tí gbogbo ọmọ ti lè rí i. Èyí tó máa ń bá mítà àwọn oníná wá nínú páálí kò ní ṣe é, awọ okùn rẹ̀ á yọ́.

Ẹ rántí pé inú páìpù máa ń gbóná tó ìlọ́po méjì ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe retí 110 sí 240 níbẹ̀. Bí iná bá ti dúró, 200 sí 480 ni kí ẹ máa wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó igi tuntun sí i, yóò wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Bó bá ń lọ sí 500 kó sì máa gòkè sí i, nígbà yẹn ni kí ẹ pa afẹ́fẹ́.

Ọmọ Gbági:
Ẹ̀yin ará, kí ló dé tí wọn ò lo ìbọn tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà kòrónà? Ọ̀kan ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Tísà Ṣáṣá:
Èyí tiyín yẹn, bí nǹkan bá ti ju ibà lọ díẹ̀, ó ti dákẹ́. Ti iléeṣẹ́ wà tó lè ka ìgbóná iná, àmọ́ ojú ohun tó bá rí nìkan ló ń kà, kò lè rí páìpù lẹ́yìn bíríkì. Irin tó ń dán sì máa ń tàn án jẹ, iye tó kéré ló máa sọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹlẹ́yẹlé:
Igi wo lẹ ń jó gan-an? Èmi tí mo ń yan ẹja, ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Oníbúrẹ́dì Apẹ́tẹ̀:
Èèpo igi tí wọ́n bó kúrò lára gẹdú níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ìta ló wà, a fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀ kí òjò má pa á.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹlẹ́yẹlé:
Ó tán! Igi tútù lẹ fi aṣọ bò kó lè máa làágùn. Orí ni wọ́n ń bò, wọn kì í bo ẹ̀gbẹ́. Ẹ là á wẹ́wẹ́, ẹ tò ó sórí búlọ́ọ̀kù kó má kan ilẹ̀, kí atẹ́gùn máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo máa ń ra tèmi nígbà ọyẹ́ fún ìgbà òjò. Ayín máa ń pẹ́ níná, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó gbẹ, ẹ má jẹ́ kí aláàárù tàn yín pé ó gbẹ láná. Ẹ jọ̀ọ́, pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò kùn, tàbí tí ọ̀dà wà lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibi oúnjẹ.

Tísà Ṣáṣá:
Ẹ sì ní òṣùwọ̀n fúláwà, àbí? Ẹ la igi kan, ẹ wọn ọ́n, ẹ fi sínú ààrò nígbà tí búrẹ́dì bá ti jáde tí ìgbóná ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 100, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Ohun tó dín kù, ẹ fi ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀ pín in. Bó bá ju 20 nínú 100 lọ, igi yẹn kò tíì yá.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Páìpù nìkan ni gbogbo yín ń sọ. Ìyá, àwọn ọmọ tó ń dé iná pa lálẹ́, ibo ni wọ́n ń sùn?

Ìyá Oníbúrẹ́dì Apẹ́tẹ̀:
Inú ilé búrẹ́dì níbẹ̀ ni. Méjì ni wọ́n. Ó ń móoru, wọ́n sì ń ṣọ́ ọjà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó, tí ṣímínì rẹ̀ sì ti dí, carbon monoxide ló ń tú sínú ilé. Kò lóòórùn, ojú kò rí i, ẹni tó ń sùn kì í jí. Ṣé kò sí èyí tí orí ń fọ́ nínú wọn, tàbí tí òòyì ń kọ́ láàárọ̀?

Ìyá Oníbúrẹ́dì Apẹ́tẹ̀:
Ọlọ́run mi. Èyí àbúrò ti ń sọ pé orí ń fọ́ òun láti bí ọjọ́ mẹ́rin. Oògùn ibà ni mo rà fún un.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ kó wọn jáde nísinsìnyí, kì í ṣe tó bá di alẹ́. Ẹ gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé inú èéfín ni wọ́n ń sùn, torí bí ẹ kò bá sọ, ibà náà ni wọn yóò wò.

Ìyá Oníbúrẹ́dì Apẹ́tẹ̀ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta):
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ti àwọn ọmọ. Ara wọn ti yá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sùn báyìí. Láti òru àkọ́kọ́ tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀ ni orí fífọ́ ti lọ. Mo ti ra ẹ̀rọ tó ń ké bí afẹ́fẹ́ burúkú yẹn bá wọlé, ó wà lára ògiri.

Ọjọ́ méjì la fi pa iná. Ọ̀dà tí wọ́n ha jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, òmíràn ń dán bíi dígí dúdú. Wẹ́dà wa ti ki ọ̀pá K bọ ẹ̀yìn. Mo wá fẹ́ dán an wò pẹ̀lú ìwà wa àtijọ́, mo kó igi tútù sí i, mo pa afẹ́fẹ́ dé: olóòfà iwájú ní 260, ti ẹ̀yìn ní 140! Mo ṣáà ń wò wọ́n bí ẹlẹ́rìí méjì tó ń ta ko ara wọn nílé ẹjọ́. Nígbà tí mo lo igi gbígbẹ tí mo sì ṣí afẹ́fẹ́, iwájú jẹ́ 250, ẹ̀yìn jẹ́ 340.

Èèpo igi yẹn, gíráàmù 1,000 di 690 lórí òṣùwọ̀n. Omi ni mo ń fi owó rà. A kì í dé iná pa mọ́jú mọ́. Bíríkì ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láago mẹ́rin, ìṣẹ́jú ogójì la fi ń dá a padà sípò. Igi wá pọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Bàbá Mọ́níyà:
Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbà fún yín lórí iyọ̀. Fúláwà ńkọ́?

Ìyá Oníbúrẹ́dì Apẹ́tẹ̀:
Bàbá mi, láàárọ̀ yìí náà mo wọ́n ọn sílẹ̀ ààrò kí n tó ti páànù àkọ́kọ́ wọlé.