Oṣù méje ni mo ti ń kọ́ Sáńskírítì, mi ò tíì lè ka ìlà kan. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

Àbẹ̀kẹ́ Pune
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Láti àná ni mo ti ń sunkún, ojú mi ti wú.

Oṣù keje rèé tí mo ti ń kọ́ Sáńskírítì níbí ní Pune, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, èdè àtijọ́ ibẹ̀ ni. Bàbá àgbàlagbà kan ni mo gbà ní tíṣà, orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ wa ní Sọ́ńdè. Ẹgbẹ̀rún kan rúpíì ni mo ń san lóṣù, owó oúnjẹ mi sì ni. Gbogbo iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ní ká máa ké "ramah, ramau, ramah, ramam, ramau, raman" bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìsọdipúpọ̀. Tí mo bá béèrè ohun tó wà fún, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ há a sórí ná.

Mo tún ra ìwé mẹ́ta. Alẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣí èyí àkọ́kọ́ ni iná lọ. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, orin fíìmù ló ń gbọ́ títí di aago kan òru, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ohun tó wá dá mi lágara ni ti ọmọ onílé wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, wọ́n ń kọ́ ọ ní Sáńskírítì níléèwé. Mo fẹ́ sọ fún un lánàá pé ọjọ́ òní dára. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní òtòṣì ni mo ń pè. Ó tún pe ìyá rẹ̀ kó wá gbọ́. Ojú tì mí débi pé n kò jẹun alẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n pààrọ̀ tíṣà ni, àbí kí n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀? Ìwé wo ló rọrùn?

Bọ̀dá Láńre
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Má sunkún mọ́. Kí lo fẹ́ fi Sáńskírítì ṣe? Lẹ́tà wo lo fi ń kà á, ṣé Devanāgarī tiwọn ni tàbí A B D tiwa yìí? Ibẹ̀ la ó ti mọ ohun tá a máa sọ.

Ìyá Ìbejì London
Àbúrò, o rán mi létí nǹkan. Ọdún 2011 ni èmi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ń lọ ṣe yoga torí ẹ̀yìn tó ń dùn mí lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì. Mo fẹ́ mọ ìtumọ̀ ohun tí à ń ké níbẹ̀. Mo lọ ra ìwé atúmọ̀ èdè Monier-Williams, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1899, ó wúwo bíi Bíbélì orí pẹpẹ. Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, torí mo rò pé bí A B D ni wọ́n ṣe tò ó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn fáwẹ̀lì ló ń ṣáájú, a, ā, i, ī, lẹ́yìn náà ni kọ́ńsónáǹtì, ibi tí ẹnu ti ń pè wọ́n ni wọ́n sì fi tò wọ́n: láti ọ̀nà ọ̀fun, k, kh, g, gh, wá sí àjà ẹnu, wá sí eyín, títí dé ètè, p, ph, b, bh. Ọjọ́ tó yé mi pé inú ẹnu mi ni ètò ìwé náà wà, mo pe ọkọ mi wá wò ó. Àwọn ìbejì ọ̀hún ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Díákónì Fẹ́mi
Arábìnrin, ẹ ṣọ́ra o. Èdè tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà ni. Kí ni ọmọ Kristẹni ń wá níbẹ̀?

Ọmọ Èkìtì
Èmi ò tilẹ̀ sọ ti ẹ̀sìn. Yorùbá ń kú lọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa, ẹnì kan wá ń sanwó oṣooṣù lórí èdè tí wọn kì í fi nájà. Ká ní owó yẹn lo fi kọ́ àmì ohùn Yorùbá ńkọ́?

Olùkọ́ Àdìó
Díákónì, ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti Jain náà fi Sáńskírítì kọ̀wé. Wọ́n fi kọ ìṣirò, wọ́n fi kọ ìmọ̀ ìràwọ̀, wọ́n fi kọ ìṣègùn. Pāṇini, onímọ̀ gírámà wọn láyé àtijọ́, to òfin gírámà tó súnmọ́ 4,000 sílẹ̀, ó ti ju 2,000 ọdún lọ, kúkúrú kúkúrú ni gbogbo wọn kí akẹ́kọ̀ọ́ lè há wọn sórí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè òde òní ṣì ń pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá kora ní "sandhi", ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ Èkìtì, ta ló sọ pé ẹni tó ń kọ́ ti ẹlòmíràn ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀?

Ọmọ Èkìtì
Ẹ̀gbọ́n, n kò bá yín jà. Ìbéèrè ni mo béèrè.

Ìyá Ìbejì London
Ìbéèrè kọ́, ìbáwí ni. Ọmọ ń sunkún, ẹ̀ ń bá a wí.

Àbẹ̀kẹ́ Pune
Ẹ ṣé, gbogbo yín. Díákónì, mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kódà aago mẹ́wàá Sọ́ńdè tí tíṣà mú, inú ìsìn ni mo máa ń wà, ohùn wọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni mo ń gbọ́ tí àyè bá wà. Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni mí. Tíṣà yẹn ni kò mọ̀ ọ́n kọ́.

Ṣadé Ìbàdàn
Pààrọ̀ tíṣà kíá. Èmi pààrọ̀ tíṣà Faransé mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí èyí tó dáa.

Bọ̀dá Láńre
Àbẹ̀kẹ́, o ò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n mo padà ka ohun tó o kọ, mo rí nǹkan. O kọ "ramah, ramau, ramah". Ìkíní àti ìkẹta, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ? Rāmaḥ, ẹnì kan nìyẹn. Rāmau, àwọn méjì, torí èdè yẹn ya ẹni méjì sọ́tọ̀. Rāmāḥ, tó ní àmì lórí a kejì, wọ́n ti ju méjì lọ. Fáwẹ̀lì gígùn àti kúkúrú yàtọ̀ síra bí ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ọkọ́. Ohun tí ọmọ onílé yín gbọ́ nìyẹn: dina ni ọjọ́, dīna ni òtòṣì. Ohun tó gbọ́ ló sọ. Níbo ni àmì rẹ wà?

Àbẹ̀kẹ́ Pune
Kíbọọ̀dù fóònù mi ni kò ní i.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Inú ìwé mi pàápàá, n kò fi àmì sí i. Devanāgarī ni tíṣà fi ń kọ ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, èmi kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ló máa ń bá mi pè é, èmi á wá kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Àwọn ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, Devanāgarī ló kún inú wọn, mo kó wọn sábẹ́ ibùsùn. Mo rò pé tí èdè bá ti yé mi tán, màá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ lẹ́tà rẹ̀.

Ọmọ Èkìtì
Oṣù méje láìmọ lẹ́tà! Tíṣà lò ń dá lẹ́bi?

Ìyá Ìbejì London
Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀. Àbúrò, lẹ́tà yẹn kò le tó bó ṣe rí lójú. Gbogbo kọ́ńsónáǹtì ti ní "a" nínú tẹ́lẹ̀, tó o bá fẹ́ fáwẹ̀lì mìíràn, àmì kékeré lo máa fi kún un. Ọ̀sẹ̀ méjì tó mi.

Ṣadé Ìbàdàn
Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ kọ́ ọ? A B D tó ní àmì tó ó kà.

Olùkọ́ Àdìó
Ohun tó fẹ́ lò ó fún ló máa sọ bóyá ó tó. Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tá a ó bi ọ́: kí lo fẹ́ fi ṣe?

Àbẹ̀kẹ́ Pune
Ìdánwò ni. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù.

Ọdún kìíní ni mo wà níléèwé Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, Sáńskírítì sì wà lára iṣẹ́ ọdún kìíní. Ọdún mẹ́rin àbọ̀ la ó fi kàwé, ọdún kan nílé ìwòsàn. N kò fẹ́ sọ ọ́ níbí torí pé nílé, àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ adáhunṣe ni mo lọ kọ́ ní Íńdíà. Bàbá tó bí bàbá mi, oníṣègùn ni wọ́n ní Ìlá. Ìgbà tí wọ́n kú, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ bá wọn lọ, ẹnì kankan nínú wa kò kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi ka ìwé àwọn tó kọ tiwọn sílẹ̀.

Bọ̀dá Láńre
Háà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Olùkọ́ Àdìó
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Fi ìkíni sílẹ̀ ná. Inú àwọn ìwé ìṣègùn àtijọ́ ni iṣẹ́ rẹ wà: ti Caraka, ti Suśruta àti Aṣṭāṅgahṛdaya tí Vāgbhaṭa kọ. Ewì ni Aṣṭāṅgahṛdaya, a ṣe é kí akẹ́kọ̀ọ́ lè há a sórí, bí ọmọ awo ṣe ń há ẹsẹ Ifá. Tíṣà tó ní kó o máa ké, ohun tó máa ṣe ọ́ láǹfààní gan-an ni wọ́n ń fún ọ.

Mú ìlà yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ló wà: vāyuḥ pittaṃ kaphaś ceti trayo doṣāḥ samāsataḥ. Vāyuḥ ni afẹ́fẹ́, pittam ni òróòro, kaphaḥ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀, trayaḥ ni mẹ́ta, samāsataḥ ni "ní ṣókí". Doṣa ni wọ́n ń pe àwọn mẹ́ta yẹn, wọ́n ní ìgbà tí wọn kò bá dọ́gba mọ́ ni àìsàn ń wọlé. Wá wo kaphaś ceti. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kaphaḥ, ca, iti. Ca ni "àti", iti ń sọ pé ibẹ̀ ni kíkà wọn parí sí. Ḥ pàdé c, ó di ś. A pàdé i, ó di e. Sandhi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù, o ti ń ṣe é láti kékeré: rí owó di rówó, jẹ iyán di jẹyán, ní ilé di nílé. Ṣùgbọ́n tí o kò bá rí àmì, o kò ní mọ ibi tó o ti máa gé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì fún Devanāgarī, torí òun ni ìwé yín fi kọ. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ kan lóòjọ́: pè é, gé e sí ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tún un tò bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní anvaya, kó o tó há a. Pune tó o wà yẹn ni Apte ti ṣiṣẹ́ olùkọ́, ẹni tí wọ́n tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní 1890. Tirẹ̀ àti Monier-Williams wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Yunifásítì Cologne ní Jámánì ló gbé wọn síbẹ̀.

Ọmọ Èkìtì
Àbúrò, má bínú sí mi. Bàbá ìyá mi náà, oníṣègùn ni. Bí tiyín náà ló rí, a ò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Díákónì Fẹ́mi
Tó bá jẹ́ ìṣègùn ni, n kò lòdì sí i. Lúùkù pàápàá, oníṣègùn ni. Mà á fi ìdánwò yín sínú àdúrà.

Tòkunbọ̀ Leicester
Máa gbọ́ ìròyìn Sáńskírítì lórí rédíò ìjọba Íńdíà, wọ́n ti ń kà á láti 1974. Ẹnu rẹ á yọ̀.

Ìyá Ìbejì London
Tòkunbọ̀, jọ̀ọ́, ka òkè ná.

Àbẹ̀kẹ́ Pune
Mo pe tíṣà nírọ̀lẹ́ yìí. Mo sọ fún wọn pé n kò mọ lẹ́tà. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní ká máa pàdé láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé fún lẹ́tà nìkan, wọn kò ní gbowó kún un. Mo ti kó ìwé kúrò lábẹ́ ibùsùn, ẹni tá a jọ ń gbé yàrá sì ti pa orin, ó ń kọ lẹ́tà sórí pátákó kékeré fún mi. Mo ti rí kíbọọ̀dù tó ní àmì náà. Ẹ bá mi wò ó: vayuḥ pittaṃ kaphaś ceti trayo doṣāḥ samāsataḥ.

Bọ̀dá Láńre
Ó kù àmì kan, lórí a àkọ́kọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Pune
Vāyuḥ. Mo ti rí i.